Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Àwọn òfin kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń dá awuyewuye sílẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí àwọn ọmọbìnrin wa tó na New Zealand ní Malaysia ni ìbéèrè yín ò ti dáwọ́ dúró. Fún ẹni tí ò bá ka tìgbà yẹn, 20 January 2025 ni, nílùú Kuching, ìdíje àgbáyé T20 (kíríkẹ́ẹ̀tì kúkúrú) àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó 19. Pápá ti tutù débi pé over 13 péré (bọ́ọ̀lù mẹ́fà-mẹ́fà ni over) ni wọ́n fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, Nàìjíríà gbá run (àmì ayò) 65, New Zealand ń lé e bọ̀, 63 ni wọ́n bá a dé. Ní over tó kẹ́yìn run 9 ni wọ́n ń wá, Lillian Udeh ló ju bọ́ọ̀lù, run 6 péré ló fún wọn. Mo ṣì máa ń wo fídíò yẹn títí dòní, inú mi á sì máa dùn bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni.

Ohun tó wú mi lórí nínú àwọn lẹ́tà yín ni pé kì í ṣe ẹni tó wọlé nìkan lẹ ń bèèrè mọ́, ẹ fẹ́ mọ òfin gan-an. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí n tó máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn torí ó máa jáde nínú ìdáhùn mi léraléra: nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ọ́ḿpáyà (adájọ́ eré) kì í sọ fẹ́nì kankan tó ń gbá pé kó jáde, kò ní gbá mọ́, tí àwọn tó ń ṣọ́ pápá ò bá bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Law 31 ló sọ bẹ́ẹ̀. Igbe "Howzat!" tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ariwo lásán, ìbéèrè ni wọ́n ń bi í. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́, tí bowler (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) sì ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kódà kó jẹ́ pé ojú ọ́ḿpáyà ló ṣe. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí n'Íbàdàn. Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì a máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọ́ wa pé tí ẹsẹ̀ bá ti dí bọ́ọ̀lù lọ́nà igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá, ẹni yẹn ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, bọ́ọ̀lù á lu ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á fi hàn pé á kan igi, wọ́n á tún ní kò jáde, wọ́n á ní "umpire's call". Ọjọ́ kejì, irú bọ́ọ̀lù yẹn náà ni, wọ́n á ní ó jáde. Òdodo wo ló wà nínú ìyẹn?

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa sà. Ohun tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé yẹn ò jìnnà sóòótọ́, wọ́n kàn gé e kúrú ni. LBW (leg before wicket, kí ara dí bọ́ọ̀lù tó ń lọ bá igi), tó jẹ́ Law 36, ìbéèrè pọ̀ nínú ẹ̀ tí ọ́ḿpáyà gbọ́dọ̀ dáhùn lọ́kàn ara ẹ̀ kíá, tí ẹyọ kan bá ti kọ̀ níbẹ̀, kò jáde nìyẹn.

No-ball (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lọ́nà tí òfin ò gbà) ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ibo ni bọ́ọ̀lù ti balẹ̀? Ibí yìí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tó bá balẹ̀ sí leg side níta ìlà igi, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá, kò lè jáde láéláé, ì báà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yẹn yí wọlé tó sì fẹ́ lọ fọ́ igi àárín. Òfin gbà á sílẹ̀ torí pé tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo bowler á kàn máa ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ẹsẹ̀ èèyàn níbi tí pátákó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ò ti rọrùn láti dé, kò sì ní sí ẹni tó máa lè gbá nǹkan kan. Ní off side, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láyé àtijọ́ bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀ láàárín igi sí igi gan-an kí LBW tó wà, ni àwọn tó ń gbá bá wá sọ ọ́ di iṣẹ́, bọ́ọ̀lù tó bá ti balẹ̀ sí off side wọ́n á kàn fi páàdì (ohun ìdáàbòbò ẹsẹ̀) dí i lọ́nà. Wọ́n dán òfin tuntun wò ní 1935, wọ́n fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1937, látìgbà náà bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ sí off side tó wá yí wọlé lè lé èèyàn jáde.

Tí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ kan pátákó kó tó kan ara, kò sí LBW, ì báà ṣe fífọwọ́kàn lásán. Tí kò bá kan pátákó, wọ́n á wá wo ibi tó ti bá ara. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín igi sí igi, àyàfi tí ẹni náà ò bá gbìyànjú àtigbá a rárá. Ẹ máa ń rí àwọn tó ń na ẹsẹ̀ síwájú tí wọ́n wá ń fi pátákó pamọ́ sẹ́yìn páàdì? Òfin mọ ìwà yẹn. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kódà kí bọ́ọ̀lù bá a lẹ́sẹ̀ ní òde igi off side, ó lè jáde. Ibi tó parí sí ni pé bọ́ọ̀lù yẹn ì bá kan igi ká ní ara ò dí i.

Ó sì kù díẹ̀ sà: ẹsẹ̀ nìkan kọ́ o. Ara ni òfin sọ, gbogbo ara. Ní Adelaide ní December 1999, Glenn McGrath ti Australia ju bọ́ọ̀lù kan sí Sachin Tendulkar ti India, Tendulkar rò pé bọ́ọ̀lù máa fò kọjá orí òun, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ò fò, èjìká ló bá a níbi tó lóṣòó sí níwájú igi. Wọ́n bèèrè, ọ́ḿpáyà Daryl Harper sì nàka sókè. Èjìká! Tendulkar ò tíì gbá run kankan. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán ní India títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ LBW ni lábẹ́ òfin tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sórí igi.

Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ rántí pé ẹ̀rọ yẹn ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kan ẹsẹ̀, torí pé kò ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù ì bá gbà ni, kò sì sí ìṣirò tí kì í ní àṣìmú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é pé tó bá jẹ́ pé ó ju ìdajì bọ́ọ̀lù lọ tó máa kan igi, ẹ̀rọ lè yí ohun tí ọ́ḿpáyà sọ padà. Tó bá jẹ́ pé kò tó ìdajì, tó kàn ń fara kan igi létí, ohun tí ọ́ḿpáyà kọ́kọ́ sọ ló dúró, ì báà jẹ́ ó jáde, ì báà jẹ́ kò jáde, ikọ̀ tó bèèrè ò sì ní pàdánù àǹfààní àtibèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà bọ́ọ̀lù méjì tẹ́ ẹ rí yẹn lè jọra bí ìbejì, ọ́ḿpáyà ló dáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn ẹ̀, mo tiẹ̀ ti gbọ́ táwọn balógun ikọ̀ ńláńlá ń bú u, àmọ́ tèmi ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀, torí pé ó jẹ́wọ́ ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ dé, ó sì fi ẹni tó dúró lórí pápá síbi tó yẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni mí ní London. Níbi iṣẹ́ wa ọmọ Australia kan wà àtàwọn òyìnbó ìlú yìí, títí dòní wọn ò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Bairstow ní pápá Lord's. Wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń fi ń ṣeré ìjà nígbà tíì. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta ló jàre nínú wọn?

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ àṣelàágùn níbẹ̀ o. Ọmọ Australia yẹn ló jàre, àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ kó o lè rí nǹkan sọ fún wọn.

2 July 2023 ni, ọjọ́ karùn-ún Test kejì Ashes, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín England àti Australia. Cameron Green ti Australia ju bọ́ọ̀lù kan tó fò sókè, Jonny Bairstow ti England bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù kọjá lọ sọ́wọ́ Alex Carey tó jẹ́ kípà Australia (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi). Bairstow fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ nínú ìlà ẹ̀ (ibi tó yẹ kó dúró sí), ó wá rọra rìn jáde, ó ń lọ bá Ben Stokes sọ̀rọ̀ láàárín pápá, lọ́kàn tiẹ̀ over ti parí. Àmọ́ Carey ò fi bọ́ọ̀lù yẹn sọ́wọ́ rárá o, bó ṣe gbà á báyìí ló ti jù ú síwájú, bọ́ọ̀lù yí lọ gbá igi. Wọ́n bèèrè. Stumped (kípà gbá igi nígbà tó ti kúrò nínú ìlà), ó jáde.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn dá lórí Law 20: ìgbà wo ni bọ́ọ̀lù kú? Bọ́ọ̀lù kì í kú torí pé ẹni tó ń gbá rò pé ó ti kú. Ó lè kú tó bá ti dúró pátápátá lọ́wọ́ kípà tàbí bowler, tàbí tó bá hàn sí ọ́ḿpáyà pé ikọ̀ tó ń ṣọ́ pápá àtàwọn méjèèjì tó ń gbá ti jọ gbà pé ó ti tán. Méjèèjì ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Carey ò tíì gbà pé ó tán, ọwọ́ ẹ̀ ti ju bọ́ọ̀lù kí Bairstow tó kúrò nínú ìlà. Tó o bá wo fídíò ẹ̀ ní jẹ́jẹ́ wàá rí i pé bọ́ọ̀lù ti wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ Bairstow ṣì wà nílé.

Inú bí àwọn èèyàn Lord's débi pé inú ilé MCC (ẹgbẹ́ tó ni Lord's) fúnra ẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń jókòó sí, wọ́n ń bú àwọn ọmọ Australia bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ jẹun, MCC sì dá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta dúró nítorí ẹ̀. MCC yìí kan náà ló ni ìwé òfin kíríkẹ́ẹ̀tì o! England fi run 43 pàdánù.

Ohun tí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ yín ń sọ ò ṣòfò pátápátá ṣá. Wọ́n ń sọ pé Pat Cummins, balógun Australia lọ́jọ́ yẹn, ì bá fa ìbéèrè náà padà, òfin sì fún balógun ikọ̀ láyè bẹ́ẹ̀ tí ọ́ḿpáyà bá ti gbà. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní Trent Bridge, 2011, England àti India, bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ mu tíì, Eoin Morgan gbá bọ́ọ̀lù lọ sétí pápá, Praveen Kumar tó lé e débẹ̀ ṣe bíi pé ó ti jáde fún run mẹ́rin, Ian Bell bá ń lọ mu tíì ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò jáde. Àwọn India jù ú wọlé, wọ́n yọ igi kékeré tó wà lórí àwọn igi mẹ́ta náà, wọ́n bèèrè, Bell jáde pẹ̀lú run 137. Nígbà ìsinmi tíì yẹn, MS Dhoni, balógun India, bá àwọn ikọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fa ìbéèrè wọn padà, Bell padà wá gbá a dé 159. Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́ fún Dhoni. Ohun ńlá ló ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ̀bùn ni, ẹ̀tọ́ kọ́. Cummins ò jẹ Bairstow ní gbèsè kankan.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka ìwé ní yunifásítì kan l'Ékòó, bowler ni mí nínú tíìmù wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó dúró níbi tí mo ti ń ju bọ́ọ̀lù ń sá jáde ṣáájú kí n tó jù ú, ó ṣe é ṣáá. Mo wá dúró, mo yọ igi orí ẹ̀, mo bèèrè, ọ́ḿpáyà ní ó jáde. Lẹ́yìn eré, àwọn kan nínú tíìmù àwa fúnra wa ní mo ṣe màgòmágó. Ó dùn mí wọra. Ṣé ohun tí mo ṣe burú ni?

Rárá o, àbúrò. Kò burú rárá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bà ẹ́ nínú jẹ́.

Ẹ wò ó, ẹni tó dúró lódìkejì yẹn ń wá àǹfààní. Pápá wọn jẹ́ mítà 20.12 láti igi sí igi, run tí ì bá sáré bí ẹni tí ajá ń lé kó tó rí jẹ, ó fẹ́ fi mítà kan tàbí méjì dín in kù kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ run out (kí wọ́n yọ igi kí ẹni tó ń sáré tó wọ inú ìlà) ló jẹ́ pé íǹṣì díẹ̀ ni wọ́n fi ń yè é. Ta ló wá ń ṣe màgòmágó nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Orúkọ tí wọ́n máa ń pè é tẹ́lẹ̀ ni Mankad, látara Vinoo Mankad, ọmọ India, tó yọ Bill Brown ọmọ Australia jáde bẹ́ẹ̀ ní Sydney ní December 1947. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tó máa ṣe é fún Brown yẹn kan náà nínú ìrìn-àjò ọ̀hún, ti àkọ́kọ́ ó tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Don Bradman tó jẹ́ balógun ikọ̀ Australia gan-an ò rí ẹ̀bi Mankad. Síbẹ̀ orúkọ Mankad ni wọ́n fi ń pe ìwàkiwà fún ohun tó ju àádọ́rin ọdún lọ, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń sá jáde. Ìyẹn máa ń ká mi lára gan-an.

Ní 24 September 2022, ní Lord's, India àti England, eré àwọn obìnrin, Charlie Dean ti gbá run 47, ó fẹ́ gba eré mọ́ India lọ́wọ́, Deepti Sharma rí i pé ó ti jáde nínú ìlà, ó yí padà, ó yọ igi orí ẹ̀. India fi run 16 borí. Àwọn kan sunkún, àwọn kan bú u. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ẹ̀, ní 1 October 2022, òfin tuntun MCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní Law 41, tó jẹ́ ti ìwà tí kò tọ́, wọ́n gbé e lọ sí Law 38, tó jẹ́ ti run out lásán. Run out ni. Ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé nìyẹn.

Àmọ́ fọkàn sí èyí o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè mú ẹ. Àkókò tó o ní ò gùn. Òfin fún ẹ láyè títí di ìgbà tí gbogbo ayé máa retí pé kó o ti ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Tí apá ẹ bá ti yí lókè kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, o ò lè padà wá yọ igi mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adam Zampa, bowler Australia, ní Melbourne ní January 2023 nìyẹn, ó ti yí apá ẹ̀ kọjá òkè kó tó padà yọ igi, wọ́n ní kò jáde, MCC sì tún ọ̀rọ̀ inú òfin yẹn kọ lẹ́yìn ẹ̀ kó lè yé gbogbo èèyàn. Ìkejì, bọ́ọ̀lù tó ò jù yẹn kì í ka sínú over, wàá ṣì ju gbogbo ẹ̀ pé. Ìkìlọ̀ ńkọ́? Òfin ò ní kó o kìlọ̀. Tó o bá fẹ́ kìlọ̀ torí ọ̀rẹ́ ẹ ni, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ. Sọ fún àwọn tíìmù ẹ pé kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú ìlà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n lé èèyàn jáde torí pé okùn akoto orí ẹ̀ já? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Òótọ́ ni. Angelo Mathews ti Sri Lanka ni, nígbà tí wọ́n ń bá Bangladesh gbá, ìdíje àgbáyé, Delhi, 6 November 2023. Nínú ìdíje yẹn, tí ẹnì kan bá jáde, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní sẹpẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù láàárín ìṣẹ́jú 2, ìwé òfin MCC fúnra ẹ̀ sọ ìṣẹ́jú 3. Mathews dé orí pápá, ó ń fa okùn akoto ẹ̀ kó le, okùn já, ó ní kí wọ́n gbé òmíì wá, àkókò sì ń lọ. Shakib Al Hasan, balógun Bangladesh, bèèrè. Ọ́ḿpáyà bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú. Mathews jáde láì gba bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú eré àwọn ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹ rí i pé tí Shakib bá dákẹ́, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Ní tèmi, ọkàn mi ò lọ síbẹ̀, torí pé aṣọ ìdáàbòbò ló bàjẹ́, ẹnì kankan ò sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú bọ́ọ̀lù líle yẹn láìsí akoto tó dúró dáadáa. Àmọ́ ohun tí Shakib bèèrè wà nínú òfin.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní England ò yẹ kó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2019. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ mi tó wà ní Manchester ló ní kí n bi yín. (Màmá kan, Òṣogbo)

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ẹ sọ fún un pé run kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà, òun náà á mọ ibẹ̀.

14 July 2019, Lord's, England ń lé run New Zealand tó jẹ́ 241. Bọ́ọ̀lù 3 ló kù, run 9 ni wọ́n ń wá. Ben Stokes gbá bọ́ọ̀lù, òun àti Adil Rashid sáré, wọ́n ń padà bọ̀ fún ìkejì. Martin Guptill ti New Zealand ju bọ́ọ̀lù láti etí pápá, Stokes na ara sílẹ̀ kó lè wọlé, bọ́ọ̀lù sì lọ bá pátákó ẹ̀ tó nà síwájú, ó yí, ó jáde gba etí pápá lọ. Stokes gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń tọrọ àforíjì, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, torí náà kò jáde, mímọ̀ọ́mọ̀ dí wọn lọ́wọ́ ló ń lé èèyàn jáde. Àwọn ọ́ḿpáyà fún wọn ní run 6, méjì tí wọ́n sáré àti mẹ́rin tó jáde.

Àmọ́ Law 19.8 sọ pé run tí wọ́n ṣì ń sáré lọ́wọ́ á kà kìkì tí àwọn méjèèjì bá ti kọjá ara wọn nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ Guptill ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ìgbà tó kan pátákó. Ẹ bá ọmọ yín wo fídíò, kẹ́ ẹ dá a dúró níbi tí ọwọ́ Guptill ti ń tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀: Stokes àti Rashid ò tíì kọjá ara wọn. Nítorí náà run 5 ló yẹ, Rashid ló sì yẹ kó gba bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe Stokes. Simon Taufel tó ti jẹ́ ọ́ḿpáyà ńlá sọ ọ́ gbangba, Kumar Dharmasena tó ṣe ọ́ḿpáyà lọ́jọ́ yẹn náà gbà nígbà tó yá.

Eré parí ní 241 sí 241. Super over (over kan ṣoṣo fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó borí), 15 sí 15. Wọ́n wá ka ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jáde etí pápá jù, England 26, New Zealand 17, wọ́n gbé ife fún England. Oṣù October ọdún yẹn ni ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, yí ìyẹn padà, tí wọ́n bá tún dọ́gba nínú super over báyìí, wọ́n á gbá òmíì títí ẹnì kan á fi borí. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Àmọ́ mà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó sọ pé run kan yẹn ló gbé ife lọ, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí Rashid ì bá fi bọ́ọ̀lù méjì tó kù ṣe.

Bọ́ọ̀lù gbá igi, iná tó wà lórí ẹ̀ tàn, ọ́ḿpáyà ò lé e. Kí ló dé?

Torí pé igi kékeré orí ẹ̀ ò jábọ́ ni. Law 29 ní igi kékeré kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá lórí àwọn igi mẹ́ta náà, tàbí kí igi ńlá kan fà tu nílẹ̀. Kó gbọ̀n ò tó, kó fò sókè kó tún padà jókòó ò tó, kí iná tàn ò tó. Ní ìdíje 2019 yẹn kan náà, Jasprit Bumrah ti India ju bọ́ọ̀lù sí David Warner ti Australia ní The Oval, bọ́ọ̀lù kan igi, igi kékeré orí ẹ̀ ò jábọ́, Warner ń bá eré ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Nàìjíríà na Ivory Coast, mo rí i pé wọ́n kọ "retired out" síwájú orúkọ Selim Salau. Ta ló lé e jáde? (Òǹkàwé kan, Sàgámù)

Kò sẹ́ni tó lé e. 24 November 2024 ni, Nàìjíríà gbá run 271, Salau nìkan gbá 112 nínú bọ́ọ̀lù 53, ó wá fúnra ẹ̀ rìn kúrò. Tó bá jẹ́ pé àìsàn tàbí ìpalára ló mú kó jáde, òfin gbà á láyè láti padà wá. Tó bá jẹ́ ìdí mìíràn, àyàfi tí balógun ikọ̀ kejì bá gbà ló lè padà, tí kò bá padà, retired out ni wọ́n máa kọ. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó kù tá a ti ń sọ bọ̀ o, kò sẹ́ni tó máa kígbe bèèrè níbí. Wọ́n á kà á mọ́ wíkẹ́ẹ̀tì tó lọ (iye àwọn tó ti jáde) lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí 4 fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 271 yẹn, àmọ́ kò sí bowler Ivory Coast tí wọ́n á kọ ọ́ sí lọ́rùn. Nígbà tó kan Ivory Coast láti gbá, 7 ni gbogbo wọn gbá pọ̀ kí wọ́n tó jáde tán.